Ère Krístì tí kò ní ojú: ǹjẹ́ ó yẹ kí iṣẹ́ ọnà òde òní wà níwájú pẹpẹ?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìgbìmọ̀ ìjọ wa, tí èmi jẹ́ akọ̀wé fún, ní ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀ tó ń dà wá láàmú, mo sì gbé e wá síbí nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà àti àwọn tó mọ ẹ̀kọ́ ìsìn jọ ń pàdé nínú yàrá yìí. Ọmọ ìjọ wa kan tó ń fi idẹ ṣiṣẹ́ rọ ère Krístì lórí àgbélébùú, ó sì fẹ́ fi ta ìjọ lọ́rẹ kí a gbé e kọ́ sára ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ. Ère náà ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò ní ojú, kò ní imú, kò ní irùngbọ̀n. Orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹ̀ka igi tó fẹ́ já, ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, apá rẹ̀ méjèèjì sì wọnú igi àgbélébùú débi pé ènìyàn kò lè sọ ibi tí ara parí sí àti ibi tí igi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a ṣí aṣọ lórí rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, ẹnì kan bú sẹ́kún. Ẹni tó jókòó tì í ní kí a tètè bo nǹkan náà padà, pé ìríra ni. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tí mo lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìgbìmọ̀ tún jókòó. N kò béèrè bóyá ère náà wù yín, ẹ kò kúkú rí i. Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ìjọ mìíràn tó ti gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti ìbéèrè tó yẹ kí ìgbìmọ̀ bi ara rẹ̀ kí ó tó sọ pé òun gbà tàbí òun kọ̀.

Olùkọ́ Ìtàn

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìjọ. Ohun tí ẹ kọ yà mí lẹ́nu, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọ kan ní ilẹ̀ Faransé gẹ́lẹ́, láti ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Notre-Dame de Toute Grâce ni orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó wà ní Plateau d'Assy lórí àwọn òkè Alps. Àdúgbò tí àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ ti ń gba ìtọ́jú ni nígbà náà, nítorí afẹ́fẹ́ òkè tó mọ́ gaara, àwọn aláìsàn yìí gan-an ni wọ́n sì ní lọ́kàn tí wọ́n fi kọ́ ilé ìjọsìn síbẹ̀. Àlùfáà ibẹ̀, Jean Devémy, àti Marie-Alain Couturier, àlùfáà ẹgbẹ́ Dominic, kò fẹ́ ère ẹfun aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n lọ bá àwọn ògbóǹtarìgì ayé ìgbà náà. Georges Rouault ya gíláàsì fèrèsé, Fernand Léger to mósáíìkì (àwòrán tí a fi ègé wẹ́wẹ́ aláwọ̀ tò) sí iwájú ilé, Jean Lurçat ya aṣọ ńlá tí wọ́n hun sí ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ, Henri Matisse, Pierre Bonnard, Marc Chagall àti Georges Braque náà sì fọwọ́ tiwọn sí i. Germaine Richier ni wọ́n ní kí ó rọ Krístì orí pẹpẹ. Idẹ ló lò. Kò ní ojú, apá sì di ọ̀kan pẹ̀lú igi.

Wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ ní 1950. Kò pé ọdún kan tí àwọn kan fi ń pín ìwé kiri pé wọ́n ti fi Krístì ṣẹ̀sín, nígbà tó sì di 1951, bíṣọ́ọ̀bù Annecy pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ère náà kúrò lórí pẹpẹ. Ibi tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yín tẹ́tí sí rèé: àwọn tó pariwo jù kì í ṣe àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀. Àwọn aláìsàn tí ara tiwọn náà ti joro kò rí ẹ̀gàn nínú ère náà, ara wọn ni wọ́n rí. Ó gbà ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí ó tó padà sórí pẹpẹ. Orí 53 ìwé Àìsáyà ni àwọn tó gbè é lẹ́yìn ń tọ́ka sí, níbi tí wòlíì ti sọ pé ìránṣẹ́ Olúwa kò ní ẹwà kankan tí a fi lè fẹ́ràn rẹ̀.

Ọmọ Ìwé Mímọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fara mọ́ ọn, kí gbogbo wa má baà máa gbe orin kan náà. Ìjọ tí mo ń lọ kò ní àwòrán kankan lára ògiri, a kò sì ka ìyẹn sí àìní. Òfin tó wà ní orí 20 ìwé Ẹ́kísódù kò sọ pé kí a má yá ère tí kò lẹ́wà. Ó ní kí a má yá ère láti máa tẹrí ba fún un. Lójú tèmi, nígbà náà, ère tó lójú àti èyí tí kò lójú, ọgbọọgba ni wọ́n.

Mo mọ èsì tí ẹ máa fún mi. Ẹ máa ní Ọlọ́run kan náà ló pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe kérúbù wúrà sórí àpótí ẹ̀rí, òun náà ló sì ní kí Mósè rọ ejò idẹ ní aginjù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà dópin. Orí 18 ìwé Àwọn Ọba Kejì sọ fún wa pé ọba Hesekáyà fọ́ ejò idẹ yẹn túútúú, nítorí pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń sun tùràrí sí i. Ohun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pa láṣẹ ni, síbẹ̀ ó di ohun fífọ́. Ìbéèrè tí mo bá fẹ́ kí ìgbìmọ̀ bi ara rẹ̀ nìyí: bí àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ère yìí kí àìsàn wọn lè sàn, ta ni yóò láyà láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Iṣẹ́ irin àti idẹ ni mo ń ṣe jẹun, n kò lè bá Ọmọ Ìwé Mímọ́ du ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí a ń lọ wò àti ohun tí a ń bá gbé. Iṣẹ́ tó wà ní gbọ̀ngàn ìpàtẹ, ènìyàn á dúró níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, á sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ la ó ti so ọ́ pọ̀ mọ́ aya rẹ, ojú rẹ̀ náà la ó sì tẹ́ òkú rẹ sí. Bí iṣẹ́ kan bá sọ gbogbo ohun tó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní pẹ́ tí ojú yóò fi máa fò ó. Nítorí náà, kí ẹnì kan sunkún kí ẹnì kejì sì bínú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò tíì tó ẹ̀rí fún ohunkóhun.

Ẹ wo ilé ìjọsìn kékeré tí Matisse ṣe fún àwọn arábìnrin ẹgbẹ́ Dominic ní Vence, tí wọ́n parí ní 1951. Arábìnrin kan tó ti tọ́jú rẹ̀ nígbà àìsàn, kí ó tó wọ ẹgbẹ́ náà, ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún tipasẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Matisse ya Ọ̀nà Àgbélébùú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ìyẹn àwọn àwòrán ìjìyà àti ikú Krístì, pa pọ̀ sórí ògiri kan ṣoṣo tí wọ́n fi táìlì funfun bò, ìlà dúdú lásán, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rí i nínú ìwé á ní ọmọdé ló fi èédú ya á. Ṣùgbọ́n nínú ilé náà, fèrèsé aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ìyeyè ń da àwọ̀ wọn sórí táìlì funfun yẹn bí oòrùn ṣe ń yí. Ìdí nìyẹn tí kò fi kun àwòrán náà ní àwọ̀ kankan. Ìmọ́lẹ̀ ló fi iṣẹ́ kíkùn sílẹ̀ fún. Matisse ka ilé kékeré yìí sí iṣẹ́ tó tayọ jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé, ibo ni ẹ ti ṣí aṣọ lórí ère yẹn? Bó bá jẹ́ lórí tábìlì nínú yàrá ìpàdé, lábẹ́ iná mànàmáná, ẹ kò tíì rí i. Ẹ gbé e lọ sí ibi tó máa wà, ní wákàtí tí ẹ máa ń jọ́sìn, kí ẹ sì wò ó láti orí ìjókòó tó kẹ́yìn.

Ìyá Akọrin

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ló dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. N kò ní dárúkọ ìjọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a wọ ṣọ́ọ̀ṣì a sì bá ògiri tó wà lókè ibi ìrìbọmi ní ipò mìíràn. Àwòrán Olùṣọ́ Àgùntàn Rere tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà èwe mi ti pòórá. Àwòrán tuntun ló wà níbẹ̀, ìlà pupa àti ìlà dúdú tó ń gba ara wọn kọjá, pẹ̀lú ihò funfun kan láàárín. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a béèrè ibi tí ti àtijọ́ wà, ẹnì kan ní ó wà ní yàrá ẹrù, ẹlòmíràn ní wọ́n ti fi tọrẹ. Títí di òní n kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ọmọ mẹ́rin ni mo gbé lọ́wọ́ níwájú àwòrán yẹn nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún wọn. Ẹ máa rò pé inú ń bí mi sí ìlà pupa. Rárá. Ọdún mẹ́ta ló gbà mí kí ojú mi tó bá ihò funfun yẹn mọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sì rèé, tí mo dá jókòó ń dúró de àwọn akọrin, ó jọ mí pé ibojì tó ṣófo ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ báyìí, tàbí kí n sọ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń ránti bí wọ́n ṣe ṣe é. Ká ní wọ́n pè wá, kí wọ́n sì gbé àwòrán àtijọ́ sí ibòmíràn tí a ti lè máa rí i, bóyá oṣù mẹ́ta ni ì bá gbà mí, kì í ṣe ọdún mẹ́ta.

Olùkọ́ Ìtàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Mà. Ohun tí ẹ sọ yìí ni Walter Hussey mọ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òun ni àlùfáà ìjọ Matteu Mímọ́ ní Northampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́. Ó ní kí Henry Moore gbẹ́ Màríà àti Ọmọ rẹ̀ sí òkúta fún ìjọ náà. Moore kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ àwọn àpẹẹrẹ kéékèèké tí wọ́n yẹ̀ wò kí ó tó fọwọ́ kan òkúta. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1944, èébú ọwọ́ kan ìyìn ni àwọn tó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn fi kí i. Hussey kò sá. Ó dúró ti iṣẹ́ náà, nígbà tó sì di 1946 ó tún gba àwòrán Ìkànmọ́ Àgbélébùú láti ọwọ́ Graham Sutherland, èyí tó le ju ti Moore lọ fíìfíì.

Sutherland ti rí fọ́tò àwọn òkú tí wọ́n bá nínú àwọn àgọ́ ìdálóró ní Jámánì lẹ́yìn ogun, ó sì ní Krístì tí Matthias Grünewald yà lọ́kàn pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Grünewald, nítorí àwọn tó ń sọ pé ìríra ni iṣẹ́ òde òní máa ń rò pé ti àtijọ́ dùn ún wò. Láàárín 1512 sí 1516 ló ya àwòrán pẹpẹ Isenheim, tó wà ní Colmar báyìí. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ Antony Mímọ́ tó ń tọ́jú aláìsàn ló yà á fún. Àìsàn kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní iná Antony Mímọ́, èyí tó ń wá láti inú búrẹ́dì tí wọ́n fi ọkà rye tó ti bu ṣe. Ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn kú kí ó sì jábọ́. Grünewald ya Krístì pẹ̀lú egbò káàkiri ara, ìka rẹ̀ ká kò, awọ ara rẹ̀ sì ti fẹ́ máa yí sí àwọ̀ ewé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rà, iwájú àwòrán yẹn ni wọ́n ń gbé e wá. Àárín rẹ̀ àti ti Assy lé ní irínwó ọdún, ìṣe kan náà sì ni.

Bí ẹni tó pe ère yín ní ìríra bá sọ pé kò yẹ kí Krístì rí báyìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kò lè fi ọjọ́ orí iṣẹ́ náà dá a lẹ́jọ́ tàbí dá a láre.

Fèrèsé Ìlà Oòrùn

Gbogbo yín ti dúró lórí ère àti ènìyàn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà òde òní tó wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá kò ní ènìyàn kankan nínú. Ní 2007, Gerhard Richter ṣe fèrèsé gúúsù fún kàtídírà Cologne ní Jámánì, ní ibi tí gíláàsì àtijọ́ ti bá ogun lọ. Ó lé ní 11,000 gíláàsì onígun mẹ́rin kéékèèké tó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ méjìléláàádọ́rin, kọ̀ǹpútà ló sì pín ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sí àyè wọn láìfi ti ẹnikẹ́ni ṣe. Kò sí ẹni mímọ́ níbẹ̀, kò sí ìtàn, kò sí àgbélébùú. Kádínà Joachim Meisner, tí í ṣe bíṣọ́ọ̀bù àgbà ibẹ̀ nígbà náà, kò fẹ́ ẹ, ó ní mọ́ṣáláṣí ni ìbá yẹ. Síbẹ̀ bí oòrùn bá wọlé, àwọ̀ á tú sára òkúta ilẹ̀ àti òpó bí ẹni da omi, àwọn tó ń kọjá á sì dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ.

Ẹ fi èyí wé àwọn fèrèsé Chagall ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Tudeley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin kan rì sómi ní 1963, àwọn òbí rẹ̀ sì ní kí Chagall ya fèrèsé kan fún ìrántí rẹ̀. Ó ya ọmọ náà sínú ìgbì omi búlúù, Krístì sì wà lókè. Nígbà tí Chagall wá wo ibi tí wọ́n fi í sí, ó ní òun yóò ṣe gbogbo fèrèsé tó kù. Méjìlá ni gbogbo wọn. Ìbànújẹ́ ilé kan ló bí èyí, ti Richter kò ní ti ẹnikẹ́ni nínú. N kò tíì lè sọ èyí tí mo lè gbàdúrà níwájú rẹ̀ ju ekejì lọ.

Ọmọ Ìwé Mímọ́

Ó yà mí lẹ́nu pé mo fẹ́ sọ èyí: fèrèsé Richter yẹn, ìjọ tèmi lè gbà á. Kò sí ohun tí ènìyàn lè tẹrí ba fún nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ni ohun àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run pàṣẹ pé kí ó wà. Ó jọ pé ohun tó bí kádínà nínú, òun gan-an ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí mú mi lórí ère idẹ.

Ọ̀dọ́ Ìjọ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, mo ní ìbéèrè. Mo gbọ́ pé Júù ni Chagall, mo sì gbọ́ pé Matisse kì í ṣe ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé. Ǹjẹ́ ó kan ìjọ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò bá gba ohun tí a gbà gbọ́? Èkejì, mo kà nípa iṣẹ́ tí Bill Viola ṣe sínú kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní London ní 2014, tó pè ní Àwọn Ajẹ́rìíkú. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ènìyàn kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fara da erùpẹ̀, afẹ́fẹ́, iná tàbí omi, láìsí ohùn kankan. Ṣé iṣẹ́ ọnà ilé ìjọsìn lèyí náà ni, àbí sinimá?

Àlùfáà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ ti pẹ́ láyé. Orí 7 ìwé Àwọn Ọba Kìíní sọ pé nígbà tí Sólómọ́nì fẹ́ rọ àwọn òpó idẹ àti agbada ńlá fún tẹ́ńpìlì, Hírámù láti Tírè ló ránṣẹ́ pè, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Tírè tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ opó láti inú ẹ̀yà Náfútálì. Ohun tí Bíbélì yìn lára rẹ̀ ni òye iṣẹ́ rẹ̀. Ó jọ pé ọ̀nà yìí ni Couturier gbà rò ó ní Assy. Èrò rẹ̀ ni pé ó sàn kí a lo ẹni tó ní ẹ̀bùn ńlá láìní ìgbàgbọ́ ju kí a lo onígbàgbọ́ tí kò ní ẹ̀bùn. Jacques Lipchitz, tí òun náà jẹ́ Júù, rọ ère Màríà fún ṣọ́ọ̀ṣì Assy yẹn, ó sì kọ ọ́ sára iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pé Júù tó di ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀ mú ni òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lámídì Fákẹ́yẹ, tí í ṣe Mùsùlùmí, ṣe gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Fadá Kevin Carroll ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Mo rò pé ohun tó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà ni bóyá ó bọ̀wọ̀ fún ohun tí a ń ṣe nínú ilé yẹn, kì í ṣe bóyá ó ń gba oúnjẹ Olúwa.

Ní ti ẹni tó ní àṣẹ láti pinnu, Ìjọ Àgùdà sọ ọ̀rọ̀ yìí ní 1963, nínú ìwé tí Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣe lórí ìsìn. Ìwé náà ní Ìjọ kò tíì fi ọ̀nà ọnà kan ṣe tirẹ̀ nìkan, ó sì fi àyè gba iṣẹ́ ọnà ìgbà tiwa láti ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀yà, bí ó bá ti ń sin ìjọsìn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó tún ní kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù mú iṣẹ́ tó bá ta ko ìgbàgbọ́ kúrò. Àwọn ènìyàn máa ń dúró níbẹ̀ yẹn, wọn kì í kà á dópin. Ìwé náà ka iṣẹ́ gbàrọgùdù àti iṣẹ́ tó kàn ń díbọ́n pọ̀ mọ́ ohun tó yẹ kí a mú kúrò. Bí a bá tẹ̀lé èyí, ère ẹfun alójú-bí-ọmọlańgidi tó kún inú ṣọ́ọ̀ṣì wa yóò kọ́kọ́ jáde kí a tó kan ère Akọ̀wé.

Ní Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ ìjọ ló ń dá irú rẹ̀. Henry Moore gbẹ́ pẹpẹ òkúta róbótó kan fún ṣọ́ọ̀ṣì Stephen Mímọ́ ní Walbrook, London. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá a lè pe òkúta bẹ́ẹ̀ ní tábìlì gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọ ṣe sọ. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní rárá, ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ sì gbà á ní 1987. Ó wà láàárín gbùngbùn ilé báyìí, ìjókòó sì yí i ká. Kíyè sí i pé ẹwà òkúta náà kọ́ ni olórí ìjà. Ohun tí wọ́n jà lé lórí jù ni bóyá a lè fi ṣe ohun tí pẹpẹ wà fún. Akọ̀wé, ìbéèrè tí mo bá ní kí ìgbìmọ̀ yín mú dání nìyẹn: kí ni ìjọ fẹ́ ṣe níwájú ère yìí, ǹjẹ́ ère yìí á jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Mo fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Bàbá. Ní ti tẹlifíṣọ̀n, Ọ̀dọ́ Ìjọ, n kò ní sọ pé sinimá ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò máa tàn án, ẹni tí yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́, àti ohun tí ògiri yóò jọ nígbà tí iná bá lọ. Idẹ kò ní ìṣòro yẹn.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Ẹ̀yin ará, mo padà dé pẹ̀lú ìròyìn. A jókòó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Kí a tó jókòó, a ṣe bí Ọmọ Alágbẹ̀dẹ ṣe wí: a gbé ère náà wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní wákàtí ìjọsìn, a gbé e lé orí àga gíga níwájú ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ, gbogbo wa sì lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá fún ìdajì wákàtí láìsọ̀rọ̀. Ohun tí a rí kò sí nínú ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ń retí. A kò rí i. Ògiri wa jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, idẹ náà sì dúdú, nítorí náà láti ẹ̀yìn, òjìji kan ṣá ló jọ. Ẹni tó sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó sì dùn ún. Ẹni tó pè é ní ìríra dìde, ó rìn títí dé iwájú, ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó padà, ó ní ìríra ṣì ni lójú òun, ṣùgbọ́n kí a má gbé e jáde kí ọjọ́ Ẹtì Rere tó kọjá. A kò bi í ní ìdí.

Ìpinnu wa nìyí. Àgbélébùú igi àtijọ́ yóò wà lórí pẹpẹ níbi tó wà. Ère náà yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ àríwá, nítòsí fèrèsé, láti ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì títí di ìparí ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, lórí ìpìlẹ̀ kúkúrú tí ọmọdé lè sún mọ́. A óò kéde rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi méjì ṣáájú, ẹni tó rọ ọ́ yóò sì bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe ṣe é. Lẹ́yìn Àjíǹde ni a óò tó jíròrò ògiri. Nítorí ọ̀rọ̀ Ìyá Akọrin, a kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pé àgbélébùú igi kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìpinnu yòówù tí ì báà jẹ́. Nítorí ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìwé Mímọ́, a kọ ẹni tó ní àṣẹ láti gbé ère náà kúrò bí ó bá di ohun ìbọ, àti ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é. Ọ̀kan nínú wa ń pe abala yẹn ní òfin Hesekáyà.

Ọmọ Ìwé Mímọ́

Mo ka abala yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èrò mi lórí ère kò tíì yí padà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìgbìmọ̀ tó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí wàhálà tó dé. Ẹ ṣeun.

Ìyá Akọrin

Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé fọwọ́ kàn án o.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Bí wọ́n bá ń fọwọ́ kàn án, orúnkún rẹ̀ á máa dán ju ibi tó kù lọ kí ọdún tó yí po. Kí ẹni tó rọ ọ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó má baà fi epo ìda bò ó mọ́lẹ̀. Ní ti ògiri, ẹ má tíì kùn ún ní funfun nítorí ère kan. Ẹ ta aṣọ funfun sẹ́yìn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná, kí ẹ sì wọn ìwúwo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lu ihò sára ògiri yẹn.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

A ti wọ̀n ọ́n. Kílò mọ́kànlélógójì ni, láìka igi. Mo ń wá aṣọ funfun.